Orí Keje: Bí A Ṣe Ń Gbé Orin House Tuntun Jáde Pẹ̀lú Rímíìsì

Orí yìí wà fún ẹni tí orin house rẹ̀ ti parí, tàbí tó kù díẹ̀ kó parí, tó sì fẹ́ gbé e jáde pẹ̀lú rímíìsì, ìyẹn ẹ̀dà tuntun orin náà láti ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ì báà jẹ́ Èkó lẹ wà, ì báà jẹ́ London, ì báà jẹ́ Chicago tí wọ́n ti bí orin house gan-an, iṣẹ́ náà kò yàtọ̀. Ohun tí a ó bójú tó ni àárín ọjọ́ tí orin parí àti alẹ́ tí díjéè tí ẹ kò mọ̀ rí yóò gbé e sí agbo ijó. Àárín yìí ni ọ̀pọ̀ orin tó dára ti ń ṣòfò. Fáìlì lè má bára mu, àdéhùn lè jẹ́ ti ẹnu lásán, wọ́n lè kọ orúkọ lódì, owó sì lè ṣìnà kó má dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ìlànà méjì ló gbé orí yìí ró. Rímíìsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí orin ìpilẹ̀ kò lè ṣe, ìwé àdéhùn sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ ó rí i pé gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ń padà sí ibẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

- Kọ̀ǹpútà àti sọ́fítíwíà tí ẹ fi ṣe orin náà, pẹ̀lú fáìlì iṣẹ́ náà lódindi, tó ṣí dáadáa láìsí ohun tó sọnù nínú rẹ̀.
- Háàdì-dísìkì méjì tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà, àti ibi ìpamọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Hẹ́dífóònù tó ń sọ òtítọ́, sípíkà sítúdíò, sípíkà kékeré kan, àti mọ́tò tí ẹ lè jókòó sínú rẹ̀ gbọ́ orin.
- Sọ́fítíwíà díjéè, kódà bí ẹ kì í bá ṣe díjéè.
- Ẹ̀rọ tó ń wọn bí orin ṣe ń dún tó ní LUFS. Ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn.
- Ìwé tí gbogbo ọ̀rọ̀ orin wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn.
- Ìwé àdéhùn ojú-ewé kan tàbí méjì fún oní-rímíìsì kọ̀ọ̀kan àti fún akọrin.
- Àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà tó ń kó orin lọ sí Spotify, Apple Music, Beatport àti Traxsource. Kì í ṣe gbogbo alágbàtà ló ń dé ìsọ̀ méjì ìkẹyìn yìí, ibẹ̀ sì ni àwọn díjéè ti ń rà, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.
- Àwòrán ìbòrí orin, onígun mẹ́rin ọgbọọgba, 3000 pixel ní gígùn àti ní fífẹ̀.
- Iná tó dúró: ínfátà tàbí UPS tó lè gbé kọ̀ǹpútà títí ẹ ó fi pa iṣẹ́ mọ́ bí iná bá lọ.
- Owó tí ẹ ti pín sí ọ̀nà mẹ́rin: oní-rímíìsì, ẹni tó ń ṣe master (àtúnṣe ohùn ìkẹyìn kí orin tó jáde), ẹni tó ń ya àwòrán ìbòrí, àti ìpolówó. Bí owó kò bá tó, ẹ dín iye rímíìsì kù. Ẹ má ṣe yọ owó master.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ parí orin ìpilẹ̀ ní ẹ̀dà méjì

Lílù 118 sí 130 ní ìṣẹ́jú kan ni orin house sábà máa ń rìn, ìlù ilẹ̀ tí àwọn olórin ń pè ní kick sì ń dún lórí gbogbo lílù láìyẹsẹ̀. Láti ìgbà tí Frankie Knuckles ti ń fi àwo ṣeré ní ilé ijó Warehouse ní Chicago, èyí tí wọ́n ṣí ní 1977, àṣà díjéè ni láti da ìparí orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn kí ijó má baà dá. Ìdí nìyí tí ẹ fi nílò ẹ̀dà gígùn tí ìlù nìkan ṣí, tí ìlù nìkan sì parí.

Ẹ ka lílù mẹ́rin sí báà kan. Bí orin yín bá ń rìn ní lílù 120 ní ìṣẹ́jú kan, báà kan gba ìṣẹ́jú-àáyá 2, báà 32 sì gba ìṣẹ́jú-àáyá 64. Ẹ fi báà 16 ó kéré tán, tàbí 32 bó bá ṣeé ṣe, sílẹ̀ fún ìlù ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, kí ohùn akọrin má baà ṣubú lu ohùn akọrin tó wà nínú orin tí díjéè fẹ́ gbé kúrò. Ẹ̀dà gígùn yìí máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje. Ẹ̀dà kejì jẹ́ ti rédíò àti ti fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ kò burú fún un.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ kejì bí orin kò bá tíì parí. Bí ẹ bá yí ìwọ̀n ìlù tàbí ìpele ohùn padà lẹ́yìn tí oní-rímíìsì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan oní-rímíìsì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe

Kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ohun tí orin ìpilẹ̀ kò lè ṣe sílẹ̀. Bóyá ó rọ̀ jù fún ọ̀gànjọ́ òru nígbà tí agbo ijó bá gbóná. Bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù fún díjéè tó fẹ́ ìlù. Bóyá ó yá jù fún ìdájí. Àìní kọ̀ọ̀kan ni rímíìsì kọ̀ọ̀kan yóò dí. Méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Bí rímíìsì bá pọ̀ tó mẹ́fà, díjéè kì í ní àkókò láti gbọ́ wọn, wọn a sì máa bo ara wọn mọ́lẹ̀.

Ẹ pinnu pẹ̀lú bí ẹ ṣe fẹ́ kí oní-rímíìsì jìnnà sí orin ìpilẹ̀ tó. Àpẹẹrẹ méjì fi ààlà ibẹ̀ hàn. Ní 1994, Everything But the Girl láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé "Missing" jáde, orin pẹ̀lẹ́ tí kò rìn jìnnà. Todd Terry ará New York fi ìlù house sí abẹ́ ohùn Tracey Thorn, akọrin wọn, ó sì jẹ́ kí ohùn náà dá dúró bó ṣe wà. Rímíìsì yẹn ló gbé orin náà dé ipò kejì ní Amẹ́ríkà àti ipò kẹta ní Bìrìtìkó. Armand Van Helden gba ọ̀nà mìíràn nígbà tó ṣe rímíìsì "Professional Widow" ti Tori Amos. Ìdá díẹ̀ nínú ohùn rẹ̀ ló mú, ó kọ́ orin tuntun lé e lórí, orin náà sì dé ipò kìíní ní Bìrìtìkó ní oṣù kìíní 1997. Ọ̀nà méjèèjì dára. Ohun tí kò dára ni kí ẹ máa retí ti Todd Terry lọ́dọ̀ ẹni tó máa ń ṣe bíi ti Van Helden.

Bí ohùn Yorùbá bá wà nínú orin yín, ẹ wá ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà nínú ayé house ti pẹ́. Osunlade, ọmọ St. Louis ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ babaláwo, dá ilé-iṣẹ́ Yoruba Records sílẹ̀ ní 1999. Ní ọdún kan náà ni Masters At Work ti New York ṣe "MAW Expensive" ní ìrántí Fẹlá, tí Wunmi kọrin nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ìlù àti ohùn nínú irú iṣẹ́ wọ̀nyí, kí ẹ fi mọ ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tí apá yín ká.

Ẹ gbọ́ rímíìsì mẹ́ta tí ẹni náà ti ṣe fún ẹlòmíràn kí ẹ tó yàn án. Orin tó ṣe fúnra rẹ̀ kò tó ẹ̀rí, nítorí ẹni tó mọ orin tirẹ̀ ṣe lè má mọ bí a ti ń tọ́jú orin ẹlòmíràn. Ẹ má sì fi iye àwọn tó ń tẹ̀lé e lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe òṣùwọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tọwọ́ bọ ìwé kí fáìlì tó jáde

Ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda akọrin àti gbogbo ẹni tó bá yín kọ orin náà. Ẹni tó gbà láti kọrin lórí orin ìpilẹ̀ kò tíì gbà kí àjèjì gé ohùn òun. Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá Nàìjíríà ti 2022 sọ pé kí ẹni tó bá ń gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn kọ ọ́ sínú ìwé. Ohùn inú fóònù àti ìlérí orí tábìlì kò lè gbà yín bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.

Ìwé ti oní-rímíìsì gbọ́dọ̀ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Èló ni owó iṣẹ́, ìgbà wo ni a ó san án? Ìdajì ṣáájú, ìdajì nígbà tí fáìlì ìkẹyìn bá dé, ń dáàbò bo ẹni méjèèjì.
2. Ta ló ni rímíìsì náà? Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó ni orin ìpilẹ̀ ló ni ín, oní-rímíìsì sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní ìdá nínú owó tó ń wọlé, ẹ kọ iye ìdá náà.
3. Ṣé ó ní ìpín nínú orin kíkọ fúnra rẹ̀? Bí ẹ kò bá sọ ọ́, àríyànjiyàn ti wà nílẹ̀ nìyẹn.
4. Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ yóò padà? Ìgbà mélòó ni ẹ lè ní kó tún un ṣe láìsan owó mìíràn?
5. Bí iṣẹ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, èló ni ẹ ó san, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí ohun tó ti ṣe?
6. Ṣé ó fọwọ́ sí i pé kò sí ègé orin ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí kò gba àṣẹ lé lórí?
7. Ṣé ó ṣèlérí láti má fi ohùn akọrin kọ́ ẹ̀rọ tó ń sín ohùn ènìyàn jẹ, àti láti pa gbogbo fáìlì orin tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí?

Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ni, tí ẹ jọ fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ rímíìsì láìsanwó, ẹ kọ èyí náà sílẹ̀. Ìwé ni yóò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ máa jẹ́ ọ̀rẹ́ nìṣó bí orin bá là.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pèsè stems

Stems ni ẹ̀yà orin lọ́kọ̀ọ̀kan: kick lọ́tọ̀, báàsì lọ́tọ̀, ohùn akọrin lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é báyìí:

- Ẹ gbé gbogbo wọn jáde ní WAV 24-bit, ní ìwọ̀n 44.1 kHz tàbí 48 kHz tí ẹ fi ṣe orin náà. Ẹ má ṣe fi MP3 ránṣẹ́.
- Kí gbogbo fáìlì bẹ̀rẹ̀ láti báà kìíní, kódà bí ẹ̀yà náà kò bá dún títí di ìṣẹ́jú kẹta. Bí ẹ bá gé ìdákẹ́ iwájú rẹ̀ kúrò, oní-rímíìsì kò ní mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí.
- Ẹ yọ limiter, ohun tó ń dí ohùn kó má kọjá ààlà, kúrò lórí ọ̀nà àpapọ̀. Kí ibi tó dún jù má ṣe kọjá nǹkan bíi -6 dB.
- Ẹ fi ohùn akọrin ránṣẹ́ ní ọ̀nà méjì: èyí tó gbẹ, láìsí ìró àtúndún kankan, àti èyí tó ní gbogbo ohun tí ẹ fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.
- Kí orúkọ fáìlì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Báàsì", "Dùndún", "Ohùn-Ègbè" wúlò. "Audio 17" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.
- Ẹ fi MIDI àwọn orin dùùrù àti báàsì sí i, kí oní-rímíìsì lè fi ohùn mìíràn lù wọ́n.
- Ẹ kọ ìwọ̀n ìlù àti ìpele ohùn sínú fáìlì ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì fi orin tó ti parí kún un kó lè fi wé.

Stems mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún ti tó. Kí ẹ tó fi wọ́n ránṣẹ́, ẹ ṣí iṣẹ́ òfìfo kan, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá jọ orin yín, ohun kan ti sọnù. Ẹ wá a nísinsìnyí.

Ìkìlọ̀ kan wà nípa ègé ìlù tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà kí ẹ lò ó nínú orin, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹ fi ègé náà nìkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ ka ìwé náà. Bí kò bá gbà, ẹ pa ègé náà pọ̀ mọ́ ìlù mìíràn tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dáàbò bo ọ̀rọ̀ inú orin

Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá kọrin ní Yorùbá. Oní-rímíìsì tí kò gbọ́ èdè wa lè gé ọ̀rọ̀ láàárín, kó tún ègé náà dún nígbà ogún, tàbí kó gbé ìró kan sókè kó lè bá dùùrù tuntun rẹ̀ mu. Bí gbogbo ohùn bá jọ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Bó bá jẹ́ sílébù kan ṣoṣo ló sún, orin tó ń ki ọkọ ìyàwó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkọ̀. Bó bá sì gé orúkọ ènìyàn tàbí oríkì sí méjì, ó lè di èébú.

Ẹ fi ìwé ọ̀rọ̀ orin ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tó gbọ́. Ẹ fa ìlà sábẹ́ àwọn gbólóhùn tí kò gbọ́dọ̀ gé. Ẹ tún tọ́ka sí àwọn ègé kékeré tó lè gé tó sì lè tún dún láìba ọ̀rọ̀ jẹ́, irú bí ìpè, ègbè àti ìró ẹnu. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í dí oní-rímíìsì lọ́wọ́. Ńṣe ló ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Bí orin náà bá ní orin òrìṣà, ìjálá tàbí ẹ̀sà nínú, ẹ bi àwọn àgbà tó ni ín léèrè ohun tó ṣeé gbé lọ sí ilé ijó àti ohun tí kò ṣeé gbé lọ. Òfin 2022 náà dáàbò bo iṣẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ṣòwò tàbí kó lò ó níta àyè ìbílẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Àjọ Ẹ̀tọ́ Àṣẹ̀dá Nàìjíríà sì ni a ti ń gba àṣẹ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí orin kan tilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, àwo tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní ẹni tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dájọ́ iṣẹ́ tó padà wá

Ẹ má ṣe fèsì ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ lórí sípíkà sítúdíò, lórí sípíkà kékeré, nínú mọ́tò, kí ẹ sì gbọ́ ọ ní mono, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ijó ń da ọ̀tún àti òsì pọ̀ sójú kan. Bí báàsì bá sọnù ní mono, rímíìsì náà kò tíì parí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú sọ́fítíwíà díjéè, kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ orin méjì tí agbo ijó ti mọ̀. Bó bá ṣòro láti wọlé tàbí láti jáde nínú rẹ̀, ẹ ní kó fi ìlù kún ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí.

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ó ń ṣe iṣẹ́ tí orin ìpilẹ̀ kò lè ṣe? Ṣé ẹni tó mọ orin ìpilẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ni? Ṣé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò jó sí i? Bí ìdáhùn kìíní bá jẹ́ rárá, ẹ má ṣe gbé e jáde, bó ti wù kó dùn tó. Ẹ san owó tí àdéhùn sọ, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kọ àtúnṣe sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò: "ní ìṣẹ́jú 2:14, ohùn akọrin rì sábẹ́ dùùrù." Ọ̀rọ̀ bíi "kò gbóná tó" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé gbogbo ẹ̀dà fún ẹnìkan láti ṣe master

Ọwọ́ kan náà ni kó ṣe master gbogbo ẹ̀dà, kí wọ́n lè dún bí ọmọ ìyá kan. Spotify máa ń mú orin wá sí nǹkan bíi -14 LUFS fún olùgbọ́, nítorí náà ẹni tó bá fi agbára ti orin rẹ̀ kọjá ààlà kò jèrè níbẹ̀. Ìlù rẹ̀ á kàn fẹ̀ láìní ìjìnlẹ̀ ni. Master ti agbo ijó lè lágbára ju èyí lọ, ṣùgbọ́n kick gbọ́dọ̀ ṣì máa mí. Kí góńgó rẹ̀ má kọjá -1 dB.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù oní-íńṣì 12, ó nílò master tirẹ̀. Báàsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní àárín, láìpín sí ọ̀tún àti òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ abẹ́rẹ́ lè fò. Bí ojú àwo kan bá ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá nǹkan bíi ìṣẹ́jú 12 bí ẹ bá fẹ́ kó dún dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ to orúkọ àti kóòdù

Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ISRC tirẹ̀, kóòdù oní-àmì 12 tó ń dá ohùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Orin ìpilẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀dà rédíò ní tirẹ̀, rímíìsì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àpapọ̀ wọn ní kóòdù ìtajà kan, UPC. Bí orin ìpilẹ̀ bá ti jáde tẹ́lẹ̀, ISRC àtijọ́ rẹ̀ ni kí ẹ tún lò nínú àpapọ̀ tuntun, kí iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ti gbọ́ ọ má baà pín sí méjì.

Ẹ kọ orúkọ rímíìsì sí ẹ̀yìn àkọlé, kí orúkọ oní-rímíìsì sì wà ní ipò oní-rímíìsì. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sí ipò akọrin. Bí orúkọ yín bá ní àmì ohùn, ẹ yan ọ̀nà kan láti kọ ọ́, kí ẹ má sì yà kúrò lórí rẹ̀. Orúkọ tí a kọ ní ọ̀nà méjì lè di akọrin méjì lójú ẹ̀rọ ìsọ̀, owó á sì pín.

Kí ọjọ́ ìjáde tó pé, ẹ forúkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin kíkọ: MCSN ní Nàìjíríà, PRS ní Bìrìtìkó, ASCAP tàbí BMI ní Amẹ́ríkà. Owó ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ yàtọ̀: PPL ló ń gbà á ní Bìrìtìkó, SoundExchange sì ń gba ti rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ to ọjọ́, kí ẹ sì gbé e jáde

- Ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú ọjọ́ ìjáde: ìwé àdéhùn ti pé, stems ti jáde.
- Ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú: rímíìsì ti padà wá, àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.
- Ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú: master àti àwòrán ìbòrí ti parí.
- Ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú: gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ alágbàtà.
- Ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú: ẹ fi í ránṣẹ́ sí àwọn díjéè tí ẹ yàn. Ẹ kọ orúkọ olúkúlùkù sínú ímeèlì tirẹ̀, kí ẹ sì sọ rímíìsì tí ẹ rò pé yóò bá a mu.
- Ó kéré tán, ọjọ́ 7 ṣáájú: ẹ fi orin han àwọn olùtò àkójọ Spotify. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ yan èyí tó lè dá dúró jù.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí orin ìpilẹ̀ jáde ṣáájú, kí rímíìsì tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn ènìyàn á ti mọ orin náà, wọn á sì mọ ohun tí oní-rímíìsì yí padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ààbò ara àti ààbò iṣẹ́

*Etí yín.* Àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà pé wákàtí 8 ni etí lè fara da ariwo 85 dB lójúmọ́. Bí ariwo bá fi 3 dB lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì. Ní 100 dB, tí ilé ijó máa ń kọjá, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ẹ máa ṣiṣẹ́ ní ohùn tí ẹ ṣì lè fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìpariwo. Ẹ lo ohun ìdíntí bí ẹ bá lọ dán orin wò ní ilé ijó. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ dáwọ́ dúró. Bó bá ń hó títí di ọjọ́ kejì, ẹ lọ rí dókítà.

*Jẹnẹrétọ̀.* Ẹ má ṣe gbé e sínú ilé, sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sítúdíò nítorí òjò tàbí nítorí olè. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, sítúdíò tí a ti dí pa kí ohùn má jáde kì í sì jẹ́ kó jáde. Ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun.

*Fáìlì.* Ẹ̀dà mẹ́ta, ibi méjì tó yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù.

*Stems.* Ẹ fi líǹkì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà àti ọjọ́ ìparí ránṣẹ́. Ẹni tó bá kọ̀wé pé òun fẹ́ ṣe rímíìsì ọ̀fẹ́, tó sì ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ohùn akọrin nìkan ránṣẹ́, ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí a fi rímíìsì bo orin ìpilẹ̀ tí kò dára mọ́lẹ̀. Ìpilẹ̀ tí kò dúró kò lè gbé ẹnikẹ́ni.
- Kí a ná gbogbo owó sórí orúkọ ńlá kan, kí master àti ìpolówó má rí nǹkan kan.
- Kí a gbé rímíìsì mẹ́ta tó jọra jáde.
- Kí a fi ISRC kan náà sórí ẹ̀dà méjì.
- Kí akọrin má gbọ́ rímíìsì títí ó fi jáde. Ohùn rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ ṣáájú.
- Kí a ra iye ìgbọ́ ayédèrú. Àwọn ìsọ̀ ń yọ irú orin bẹ́ẹ̀ kúrò, alágbàtà sì lè ti àkáǹtì pa.
- Kí a gbàgbé oní-rímíìsì lẹ́yìn tí owó bá ti san. Ẹ fi líǹkì, àwòrán ìbòrí àti ọjọ́ ìjáde ránṣẹ́ sí i, nítorí òun náà ní agbo tirẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì

Ṣé gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ ti tọwọ́ bọ ìwé? Ṣé ẹ ti gbọ́ fáìlì tí ẹ gbé fún alágbàtà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà? Ṣé orúkọ gbogbo ènìyàn tọ́? Ṣé ìpín gbogbo ènìyàn nínú orin kíkọ pé 100 nínú ọgọ́rùn-ún? Bí ọ̀kan bá kù, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Kò sí olùgbọ́ tó mọ̀ pé ẹ pẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ni yóò mọ̀ bí ẹ bá gbé e jáde lódì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin house ní èdè wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkánjú gba iṣẹ́ yín lọ́wọ́ yín. Ẹ pe àwọn ẹlòmíràn wá sínú orin yín, ẹ sanwó fún wọn bó ti tọ́, ẹ kọ orúkọ wọn dáadáa, kí ẹ sì di ìwé ẹ̀tọ́ yín mú gírí.